Oorun Òru Òní, Àlàáfíà Ọjọ́ Ogbó

(Ọ̀rọ̀ tí Lèmọ́mù bá àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù, lẹ́yìn ìrun Alásárì)

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó dá òru, tí ó dá ọ̀sán, tí ó sì fi oorun ṣe ìsinmi fún àwa ẹrú Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá aṣíwájú wa, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà wọn títí di Ọjọ́ Ìdájọ́.



Nígbà tí àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí oorun. Àwọn kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Lèmọ́mù, ṣé oorun náà nílò wáàsí ni? Ṣebí gbogbo ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú fún ni ó mọ̀ ọ́n sùn." Mo ní òótọ́ ni pé kò sí ẹni tí a kọ́ ní oorun, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti kọ́ ara rẹ̀ ní àìsùn. Àìsùn yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ọjọ́ ogbó kì í dédé bá ènìyàn. Bí ẹni kọ́lé ni a ṣe ń kọ́ ọ láti ìgbà tí agbára ṣì wà lára, òru kọ̀ọ̀kan tí a sùn dáadáa sì jẹ́ búlọ́ọ̀kù kan lára ògiri ilé náà. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó síbí, ẹ̀yin ni omi ṣì kún ọwọ́ yín.

ÌJẸ́WỌ́ LÁTI ẸNU ARA MI

Kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ti ara mi. Nígbà tí mo wà ní ilé-kéwú, iná àtùpà ni a fi ń kàwé títí di ọ̀gànjọ́, àáfà wa a sì máa jí wa kí àkùkọ tó kọ. Nígbà tí mo dé yunifásítì, mo gbé ìwà náà lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo wá di Lèmọ́mù, ó di ohun ìyangàn fún mi. Bí ẹnìkan bá bi mí bí mo ṣe ń sùn sí, èmi a dáhùn pé wákàtí mẹ́rin tó ìránṣẹ́ Ọlọ́hun. Mo ka oorun sí ọ̀lẹ. Mo ń ṣe wáàsí òru ní ìlú kan, mo ń ti ibẹ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní ìlú kejì, mo sì ń ti ìsọmọlórúkọ lọ síbi yìgì. Gbogbo ènìyàn ń yìn mí pé alágbára ni mí, ìyìn náà sì ń dùn mọ́ mi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ṣe ètò òru kan mọ́jú. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo kó méjì nínú àwọn ọmọ kéwú mi sínú ọkọ̀, à ń bọ̀ wálé. Mo jẹ obì kan kí n má baà tòògbé. N kò mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ. Igbe àwọn ọmọ náà ni ó jí mi. Ọkọ̀ ti kúrò lójú ọ̀nà, ó ti wọ inú koríko, igi ọ̀pẹ kan sì wà níwájú wa tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ọlọ́hun kó wa yọ, kò sí ẹni tí ó fara pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ọmọ kọ̀ọ̀kan lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, tí àwọn ìyá náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá wọn tọ́jú ọmọ, n kò lè gbé ojú sókè wò wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ rí dókítà. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó bá a ní 168 lórí 104. Mo rò pé ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá mi sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Àáfà, wákàtí mélòó ni ẹ ń sùn lóru?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ó ti tó ọdún mélòó tí ẹ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Mo ní yóò tó 30 ọdún. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní gbèsè ni mo ti ń jẹ láti ìgbà náà, ara mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sin owó rẹ̀.

ABDULLAHI ỌMỌ AMRU

Nígbà tí mo délé, mo rántí ìtàn kan tí èmi fúnra mi ti kọ́ àwọn ọmọ kéwú láìmọye ìgbà. Abdullahi ọmọ Amru ọmọ Aasi jẹ́ ọ̀dọ́ nínú àwọn sàábé Ànábì (S.A.W.). Ó ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń fi gbogbo òru kírun. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó pè é, ó sì kọ̀ fún un. Ó ní kí ó máa gba ààwẹ̀, kí ó sì máa ṣínu. Kí ó máa dìde lóru, kí ó sì máa sùn, nítorí pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, àlejò rẹ̀ náà sì ní ẹ̀tọ́. Abdullahi ní òun lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Ànábì ti ń sọ ọ́ di fífúyẹ́ fún un ni òun ń bèèrè púpọ̀ sí i.

Ẹ gbọ́ ìparí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún wa. Abdullahi pẹ́ láyé. Nígbà tí ó darúgbó, tí agbára tán, ó ń sọ pé ì bá ṣe pé òun ti gba ìrọ̀rùn tí Ànábì fún òun. Ó ń yan àwọn ọjọ́ kan tí yóò fi ṣínu kí ó lè lágbára, a sì máa ka ọjọ́ náà kí ó lè san án padà.

Ẹ̀yin ará mi, ìjọsìn ni Abdullahi fi àìsùn tirẹ̀ ṣe, síbẹ̀ nígbà ogbó ó kábàámọ̀ pé òun kò gba ìrọ̀rùn. Kí ni àwa yóò wá wí, àwa tí bọ́ọ̀lù àwọn ará Yúróòpù àti ọ̀rọ̀ asán orí fóònù ń gba òru lọ́wọ́ wa?

Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni Salmaanu bá Abu Dardai sọ, nígbà tí ó rí i pé ó fẹ́ fi gbogbo òru dúró. Ó ní kí ó sùn, títí di ìparí òru, kí àwọn tó jọ dìde kírun. Nígbà tí ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Ànábì (S.A.W.), ó ní òótọ́ ni Salmaanu sọ.

OHUN TÍ OORUN Ń ṢE NÍNÚ ARA

Nínú Suratu n-Nabai, Ọlọ́hun ka oorun mọ́ àwọn oore Rẹ̀: Ó ṣe é ní ìsinmi, Ó ṣe òru ní aṣọ tí ó bò wá, Ó sì ṣe ọ̀sán fún wíwá ìjẹ. Nínú Suratu r-Rumu, Ó ka oorun wa mọ́ àwọn ààmì Rẹ̀, níbi tí Ó ti mẹ́nu ba ìṣẹ̀dá sánmà àti ilẹ̀. Ohun tí Ọlọ́hun bá pè ní ààmì, a kò gbọdọ̀ fojú ọ̀lẹ wò ó.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń ṣàlàyé díẹ̀ nínú ààmì náà. Ní ọdún 2017, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ará Amẹ́ríkà, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí aago tí ó wà nínú ara ẹ̀dá. Kì í ṣe aago tí a ń dè mọ́ ọwọ́. Inú ara wa níbí ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni ó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́, tàbí pé ilẹ̀ ti ṣú. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọ ojú ni a fi ń tún aago náà ṣe lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tan iná fóònù sí ojú ara rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru ń purọ́ fún aago ara rẹ̀ pé ọ̀sán ni.

Bí a bá sùn, ọkàn a rọra ṣiṣẹ́. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá a máa lọ sílẹ̀ lóru ní ìwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́wàá sí ìdá kan nínú márùn-ún. Ìsinmi tí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ní nìyẹn. Ẹni tí kò bá sùn tó, tí ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń fi ìsinmi yìí du òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń rí ọ̀nà wọlé, ẹ̀yìn ẹ̀jẹ̀ ríru sì ni àrùn rọpárọsẹ̀ ń dúró sí. Àìsùn a tún máa mú kí ebi pa ènìyàn ju bí ó ti yẹ lọ, kì í sì jẹ́ kí ara lè lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa, èyí tí ó ń ṣílẹ̀kùn fún àtọ̀gbẹ.

Ti ọpọlọ ńkọ́? Lóru ni ọpọlọ ń to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án sí ipò rẹ̀. Ọmọ kéwú tí ó fi gbogbo òru ka hánúnsà rẹ̀ láìsùn, yóò rí i pé ohun tí ó há sórí lóru ti fò lọ kí ó tó di ọ̀sán. Nílùú Lọ́ńdọ̀nù, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan láti ọdún 1985. Ní 2021, wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde lórí àwọn ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000, tí wọ́n ti ń wo oorun wọn fún 25 ọdún. Àwọn tí kì í sùn ju wákàtí mẹ́fà lọ ní ẹni 50 ọdún, tí wọ́n ń bá a bẹ́ẹ̀ títí di 70, ewu pé kí wọ́n ṣarán fi bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí ń sun wákàtí méje lọ. Wọn kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá ń sùn díẹ̀ ni yóò ṣarán. Àyànmọ́ wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá kìlọ̀ fún pé ọ̀nà kan ní ọ̀gbun, kò yẹ kí ó di ojú gba ibẹ̀.

Wákàtí mélòó ni ó wá tó? Láti ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ nípa oorun ti fẹnu kò pé àgbàlagbà nílò ó kéré tán wákàtí méje lóru. Ẹni tí ó ti lé ní 65 ọdún nílò méje sí mẹ́jọ.

IRỌ́ TÍ A Ń PA FÚN ÀWỌN ÀGBÀ

A máa ń sọ pé àgbà kò nílò oorun. Irọ́ ni. Ohun tí ó ń yí padà ni bí oorun ṣe rí. Oorun àgbà a máa fúyẹ́, ó máa ń tètè dé ní alẹ́, ó máa ń tètè lọ ní ìdájí, a sì máa já láàárín òru. Àìní ara fún un kò lọ. Nítorí náà, bí bàbá yín bá fẹ́ sùn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, ẹ dín ohùn rédíò kù fún un. Bí ìyá yín bá jí ní aago mẹ́rin, tí ara rẹ̀ sì yá gágá, kì í ṣe àìsàn.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí a ń kà sí ogbó lásán, tí ó sì jẹ́ àìsàn. Èkíní ni híhanrun kíkankíkan. Bí ènìyàn bá ń hanrun, tí èémí rẹ̀ sì ń dúró díẹ̀ kí ó tó tún fà á wìì, tí ó bá sì jí láàárọ̀ tí orí ń fọ́ ọ, tí ó ń tòògbé lórí àga lọ́sàn-án, kí ó lọ rí dókítà. Ọ̀nà ọ̀fun ni ó ń dí nínú oorun, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Ìyàwó tàbí ọkọ ni ẹlẹ́rìí. Ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Èkejì ni dídìde tọ̀ léraléra. Ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ próstéètì àwọn ọkùnrin tí ó ti wú, ó sì lè jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ni tọ̀, tí a ń lò lálẹ́ dípò àárọ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ oníṣègùn. Ẹ má ṣe fúnra yín yí àkókò oògùn padà. Ẹ dín omi mímu kù ní wákàtí méjì kí ẹ tó sùn, ṣùgbọ́n ẹ mu ún tó lọ́sàn-án.

Ẹ̀kẹta, tí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù, ni oògùn oorun. Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá ni ó ń rán ọmọ lọ ra Valium tàbí Lexotan lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta oògùn, láìrí dókítà. Àwọn mìíràn ń lo Piriton, tí kì í ṣe oògùn oorun rárá. Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú àgbà kì í fẹ́ kí arúgbó lo irú oògùn wọ̀nyí, nítorí wọ́n máa ń da iyè rú, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbọ̀n. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn ìyá arúgbó tí ó ṣubú lóru, tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ẹ ó bá oògùn oorun níbẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tí ó sì ti ń lo oògùn náà pẹ́, kí ó má ṣe já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà ni yóò bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn inú ní Amẹ́ríkà gbà pé ẹni tí kò bá rí oorun sùn fún ìgbà pípẹ́, títún ìwà àti èrò rẹ̀ nípa oorun ṣe ni kí a kọ́kọ́ fi tọ́jú rẹ̀ kí a tó dé orí oògùn.

ÌLÀNÀ ỌJỌ́ KAN

Bí ìwà ni oògùn, báwo ni a ó ṣe tò ó? Ọlọ́hun ti bá wa tò ó. Ìrun márààrún ni òpó tí a lè fi ọjọ́ wa rọ̀ mọ́.

Ní Àsùbáà, ẹ jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ìbáà ṣe ọjọ́ iṣẹ́ tàbí ọjọ́ ìsinmi. Jíjí lákòókò kan náà ni ìdákọ̀ró oorun. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́sáláṣí bí ọ̀nà bá gbà, kí ẹ sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ bà yín lójú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe ohun tí ara yóò fi gbóná fún 150 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní ọjọ́ márùn-ún, ti kájú rẹ̀. Fún àwọn tí ó ti lé ní 65, wọ́n ní kí wọ́n fi eré ìdárayá tí ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin kún un ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí wọ́n má baà máa ṣubú.

Ní àsìkò Àìlà, ẹni tí àyè bá gbà kí ó rẹjú díẹ̀. Àwọn sàábé mọ oorun ọ̀sán; Sahlu ọmọ Saadi sọ pé ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀yìn ìrun ni àwọn ń jẹun ọ̀sán tí àwọn sì ń sun ún. Ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n tó. Bí ó bá pẹ́ jù, tàbí tí ó bá wọ ẹ̀yìn Alásárì, yóò jí nínú oorun alẹ́ lọ.

Láti Alásárì lọ, ẹ fi obì, kọfí, tíì líle, àti àwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n ń polówó pé ó ń fúnni lágbára sílẹ̀. Ohun kan wà nínú gbogbo wọn tí ń jẹ́ kaféènì, òun ni ó ń lé oorun. Ó máa ń tó bí wákàtí márùn-ún kí ara tó lé ìdajì rẹ̀ dànù, ìdajì yòókù yóò ṣì wà níbẹ̀. Kaféènì wà nínú Alábùkún pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń lo ìyẹ̀fun náà sí orí fífọ́ lálẹ́, tí ó ń ṣe kàyéfì pé oorun kò wá, kí ó mọ ìdí rẹ̀.

Ní Mọ̀gàríbì, ẹ jẹun alẹ́. Ẹ̀bà tàbí iyán aago mẹ́wàá alẹ́ kì í jẹ́ kí inú sinmi. Ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí méjì sí mẹ́ta láàárín oúnjẹ àti ibùsùn. Ẹ sì ṣọ́ iyọ̀: gbogbo èyí tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ pé ṣíbí ìpotíì kékeré kan.

Ní Ìṣáì, ẹ kírun, kí ẹ sì kágbá ọjọ́ nílẹ̀. Abu Barzata sọ fún wa pé Ànábì (S.A.W.) kò fẹ́ kí a sùn ṣáájú Ìṣáì, kò sì fẹ́ kí a máa tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí ibùsùn. Ẹ ṣe àlùwàlá, ẹ gbọn ibùsùn yín, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ pẹ̀lú ìrántí Ọlọ́hun, bí súnnà ti kọ́ wa. Ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn, nítorí ẹni tí ibà ń dá jí kò lè rí oorun sùn. Ànábì pàṣẹ pé kí a máa pa àtùpà kí a tó sùn, kí iná má baà jó ilé. Jẹnẹrétọ̀ ni àtùpà tiwa lónìí. Ẹ má ṣe gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí ẹ sì sùn. Gáàsì olóró wà nínú èéfín rẹ̀ tí a kò lè rí, tí kò sì ní òórùn, ó sì ti pa agbo ilé mọ́jú.

Bí oorun bá kọ̀ tí kò wá, ẹ má ṣe bá a jà. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ dìde, ẹ jókòó nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò pọ̀, ẹ máa ṣe àsikíìrì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí òògbé bá dé, ẹ padà lọ dùbúlẹ̀.

Bí a bá sùn ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, tí a sì jí ní aago márùn-ún ìdájí, wákàtí méje ààbọ̀ nìyẹn. Ìrun kò bọ́, oorun kò bọ́.

"ÌRUN ÒRU ŃKỌ́, LÈMỌ́MÙ?"

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi mí léèrè ìrun òru, bóyá mo fẹ́ pa á rẹ́ ni. Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá tètè sùn ni ó lè dìde ní ìdá ìkẹyìn òru pẹ̀lú ojú tí ó là. Ẹni tí ó wo fóònù títí di aago méjì kò lè dìde fún tàhájúdì, Àsùbáà pàápàá yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìyá wa Aisha sọ fún wa pé Ànábì (S.A.W.) ní kí ẹni tí òògbé bá ń kọ lórí ìrun lọ sùn títí oorun yóò fi dá lójú rẹ̀, nítorí ó lè fẹ́ tọrọ àforíjìn kí ó sì máa fi ara rẹ̀ bú láìmọ̀. Nígbà kan, ó rí okùn tí a so sáàárín òpó méjì nínú mọ́sáláṣí. Wọ́n ní Zainabu ni ó so ó, kí ó lè máa dì í mú bí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n tú u. Kí oníkálukú kírun níwọ̀n bí ara rẹ̀ bá ti yá, bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí ó jókòó.

Ní 1997, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Ọsirélíà wọn ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá ti là fún wákàtí 17 láìsùn, ọwọ́ àti iyè rẹ̀ a máa ṣe bíi ti ẹni tí ó mu ọtí dé ìwọ̀n tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń mú awakọ̀. Àwa tí a kì í fi ọtí kan ẹnu! Mo rò ó títí, mo rántí igi ọ̀pẹ yẹn, mo sì mọ̀ pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bí ọ̀mùtí ni mo ṣe wa ọmọ ọlọ́mọ.

OHUN TÍ MO Ń BÈÈRÈ

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ń bẹ lóru: ọlọ́dẹ, nọ́ọ̀sì, awakọ̀ ọjà, ìyá ọlọ́mọ ọwọ́. Mo mọ̀ pé owó ilé àti owó ilé-ìwé ń gba oorun lójú ọ̀pọ̀ bàbá. Wọn kò jẹ̀bi. Àwa tí ó yí wọn ká ni kí a ràn wọ́n lọ́wọ́, kí a jẹ́ kí òṣìṣẹ́ òru sùn lọ́sàn-án nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, láìsí ariwo, kí bàbá sì gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá kí ìyá lè rẹjú.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa, ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe. Mo gbé ohun mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ yìí, mo sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ó jíròrò lé e lórí kí a tó tú ká lónìí. Èkíní, kí wáàsí òru tí a ń ṣe lóṣooṣù di èyí tí a ó máa ṣe láàárín Alásárì àti Ìṣáì, bí irú èyí tí a jókòó sí yìí. Èkejì, bí ètò kan bá di dandan pé kí ó mọ́jú, kí ẹnikẹ́ni tí kò sùn má ṣe wa ọkọ̀ padà, ìbáà ṣe Lèmọ́mù. Kí a sùn ní mọ́sáláṣí títí ara yóò fi balẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a máa pe nọ́ọ̀sì wá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta láti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà wa, kí ó sì yẹ oògùn tí wọ́n ń lò wò.

Àwọn kan yóò sọ pé iná ẹ̀sìn ń kú lọ ni. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn. Láti ìgbà tí mo ti ń sùn ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìtọ́jú dókítà, hánúnsà mi ti padà sípò, n kò sì tíì tòògbé lórí mínúbárì mọ́. Àwọn ọmọ méjì tí mo gbé lọ́jọ́ yẹn wà nínú àpéjọ yìí. N kò ní dárúkọ wọn. Ìgbà tí mo bá rí wọn ni mo máa ń rántí pé amáánà ni ara, amáánà sì ni ọmọ ọlọ́mọ.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní ẹ̀mí gígùn nínú àlàáfíà, kí Ó fún àwọn àgbà wa ní ojú tí ó ń ríran, etí tí ó ń gbọ́ràn, orúnkún tí ó ń tẹ̀ fún Un, àti iyè tí yóò máa rántí Rẹ̀ títí di èémí ìkẹyìn. Kí Ó ṣe oorun wa ní ìsinmi, kí Ó sì ṣe jíjí wa ní ìjọsìn. Àmín.